Ta ló ni ère? Àlàyé lórí mùsíọ̀mù, gálárì àti ère ojú títì fún àwa ará Àkúrẹ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn èèyàn tí inú ń bí ya wọ ọgbà mùsíọ̀mù tuntun kan ní ìlú Bìní. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣí i. Àlejò ti dé láti òkè òkun, àmọ́ ńṣe ni wọ́n kó wọn jáde, ayẹyẹ sì forí ṣánpọ́n.

Ìròyìn náà dé etí wa ní Àkúrẹ́ láti orí rédíò àti Facebook. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn rẹ̀, yálà nídìí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn tàbí nínú ọkọ̀ tó ń na Ọjà Ọba. Ẹnì kan á ní ọba ló ni ère. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, ìjọba àpapọ̀ ló ni í. Ẹnì kẹta á ní kí ni wọ́n tiẹ̀ ń jà sí, ṣebí gálárì ni, ṣebí wọ́n á tà á náà ni. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ náà tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ẹni tó ni iṣẹ́ ọnà kan lè yàtọ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ẹni tó ni ilẹ̀ tó dúró sí. Tí ẹ bá di èyí mú, ìjà Bìní á yé yín, èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa ní Ọ̀wọ̀ náà á yé yín, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ máa ṣe sí òpó gbígbẹ́ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá yín.

## Kí ni mùsíọ̀mù, kí sì ni gálárì?

Mùsíọ̀mù, tí àwọn mìíràn ń pè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí kó má baà bàjẹ́, kí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí àwa yòókù sì lè wò ó. Kì í tà. Bí ère kan bá wù yín níbẹ̀ bí ojú, ẹ ò lè ná an. Ohun tó wà níbẹ̀ kò sì ní láti rẹwà: àfọ́kù ìkòkò, egungun, ẹ̀wù ogun tí kòkòrò ti jẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà, bó bá ṣáà ti lè sọ nǹkan fún wa nípa àwọn tó lò ó.

Gálárì, lọ́pọ̀ ìgbà, ṣọ́ọ̀bù ni. Ayàwòrán gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, onígálárì gbé e kọ́ sára ògiri, ó tan iná sí i, ó pe àwọn olówó wá. Bó bá tà, wọ́n jọ pín in. Ìpín onígálárì lè tó ìdajì, ó sì lè dín díẹ̀. Ẹ má tètè bínú sí i o, òun ló ń san owó ilé, owó iná àti owó omi ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn àlejò ń mu láì ra nǹkan kan.

Ibi tó ti ń dà rú ni pé àwọn ilé kan wà tó ń jẹ́ gálárì tí kì í tà. Ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá National Gallery of Art sílẹ̀ láti máa kó iṣẹ́ ọnà àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére òde òní jọ fún Nàìjíríà. Orúkọ gálárì ló ń jẹ́, iṣẹ́ mùsíọ̀mù ló ń ṣe. Nítorí náà, orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ló yẹ kí ẹ wò. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń tà.

Fi alájọ wé mùsíọ̀mù. Màmá alájọ tó ń gba inú ọjà kọjá láràárọ̀ gbé owó àwọn ẹlẹ́ja, aláta àti aláṣọ dání nínú báàgì kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà, òun ló ń ṣọ́ ọ, òun ni olè á kọ́kọ́ dọdẹ, síbẹ̀ owó rẹ̀ kọ́. Káàdì ló ń jẹ́ kí ọkàn àwọn oníṣòwò balẹ̀, torí pé gbogbo ẹni tó dá owó ló ní èyí tí wọ́n ń fàmì sí. Ìṣòro mùsíọ̀mù, pàápàá àwọn ti òkè òkun, ni pé púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ kò ní káàdì. Wọ́n kọ orúkọ òyìnbó tó tà á fún wọn, wọn ò kọ orúkọ ẹni tí òyìnbó náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ onínǹkan dé, ó ní òun wá gba ẹrù bàbá òun, alájọ sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

## Ǹjẹ́ a ní mùsíọ̀mù níbí?

A ní. Ọdún 1979 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ̀mù àti ohun ìrántí sílẹ̀. Àjọ náà ní mùsíọ̀mù ní Àkúrẹ́, ó sì ní òmíràn ní Ọ̀wọ̀, nínú ọgbà ààfin Ọlọ́wọ̀. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ni mùsíọ̀mù ti wà nílẹ̀ yìí. Ti Ẹ̀sìẹ́, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, ló ṣáájú gbogbo wọn ní Nàìjíríà. 1945 ni wọ́n ṣí i nítorí àwọn ère òkúta tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ bi ara yín ìgbà tí ẹ wọ ti Àkúrẹ́ kẹ́yìn. N ò dá yín lẹ́bi, àwa tó ń kọ̀wé náà kì í lọ déédéé.

Àjọ yìí kan náà ló ń bójú tó àwọn ohun tí kò ṣeé kó sínú ilé. Ààfin Déjì àtijọ́ ní Àkúrẹ́ wà lára ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ti Ọlọ́wọ̀ náà wà lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń rò pé ìjọba ti gba ààfin lọ́wọ́ ọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ààfin ṣì jẹ́ ti ọba àti ti ìlú. Ohun tí òfin sọ ni pé ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọba tàbí gómìnà, kò gbọ́dọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹnì kan kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò ògiri amọ̀ ààfin àtijọ́. Bí òjò bá sì ń wó ògiri náà ńkọ́, ta ni yóò sanwó àtúnṣe? Ibẹ̀ ni olówó àti aṣọ́nà ti ń wojú ara wọn, tí ikán sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Òkè Ìdànrè tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọ́n máa ń sọ pé ó ti di ti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń ka àwọn ibi ìtàn pàtàkì sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé bí àkókò bá tó. Ó wà lórí ìlà, kò tíì wọlé. Méjì péré ló ti wọlé ní Nàìjíríà: Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa, ní 1999, àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ní 2005. Ìdànrè kò ní láti dúró de UNESCO kó tó níyì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń fi í yangàn mọ ohun tó ń sọ.

Kí n tó kúrò níbí, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu kan Ihò Eléérú. Ó wà nítòsí Ìsarùn, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn sí Àkúrẹ́ rárá. Ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì kan egungun èèyàn kan. Ó ti lò tó nǹkan bí 13,000 ọdún nínú ilẹ̀. Kò tíì sí egungun èèyàn tí wọ́n rí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó dàgbà jù ú lọ. Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń jẹ́ Odùduwà ni ẹni yẹn ti ń gbé ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa. Bí irú ihò bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìlú òyìnbó, ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ò ní tán lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

## Kí ló dé tí ohun wa fi wà níbòmíràn?

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà lọ, ìyẹn ló ń fa àṣìmú. Tí ẹ bá gbọ́ pé ohun kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bó ṣe débẹ̀.

Ẹ wo ti Ọ̀wọ̀. Láàárín 1969 sí 1971, ọ̀mọ̀wé Ekpo Eyo, ọmọ Nàìjíríà tó wá di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún àjọ mùsíọ̀mù, gbẹ́lẹ̀ ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀. Àwọn ère amọ̀ sísun ló bá níbẹ̀, tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ojú tí wọ́n mọ síbẹ̀ tutù bíi ti àwọn ère Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà nínú wọn tí Ifẹ̀ kì í sábà ṣe: apẹ̀rẹ̀ tó kún fún orí tí wọ́n bẹ́, ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn. Ohun tí amọ̀ yẹn fi hàn ni pé Ọ̀wọ̀ kì í ṣe abúlé tó wà láàárín Ifẹ̀ àti Bìní lásán, ó ní ọwọ́ tirẹ̀, ó sì ń bá ìlú méjèèjì dọ́rẹ̀ẹ́. Èkó ni wọ́n kó púpọ̀ nínú ère náà lọ. Kò sẹ́ni tó jí i. Èkó ni àwọn tó lè lẹ àfọ́kù rẹ̀ pọ̀ wà nígbà náà. Àwáwí yẹn mú ọgbọ́n dání, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tó bá fẹ́ rí ẹkùn yẹn ní láti wọ mọ́tò lọ sí Èkó, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè fi amọ̀ kan náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ààfin.

Ti Ìkẹ́rẹ́ tún yàtọ̀. Agbẹ́gilére kan wà tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́, 1938 ló kú. Nígbà ayé rẹ̀, abẹ́ ẹkùn Oǹdó ni gbogbo ibẹ̀ wà lójú àwọn òyìnbó. Àwa àti Èkìtì ò sì pínyà títí di 1996. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn onípátákó méjì fún ààfin Ògógà Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan, Ògógà jókòó pẹ̀lú adé lórí, àwọn olorì rẹ̀ dúró tì í. Ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá kí i, wọ́n gbé e nílẹ̀, àwọn aláàárù rẹ̀ ru ẹrù tẹ̀lé e. Bí Ọlọ́wẹ̀ ṣe gbẹ́ ẹ, àwọn èèyàn náà yọ síta kúrò lára pákó débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè di wọ́n lọ́rùn mú. Ẹ tún wo ìjókòó àwọn méjèèjì: ọba fẹ̀yìn tì, ó ń wò; òyìnbó tó ń bọ̀ ká gúnńkún bí ẹni tí iba ń ṣe. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó tóbi lójú tirẹ̀.

Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ojú àwọn ará British Museum kò kúrò lára rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògógà kò tà á. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n ṣe àga ọba fún òun ní ilẹ̀ òyìnbó, kí òun fi ilẹ̀kùn ṣe pàṣípààrọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ṣé pàṣípààrọ̀ náà bá ara mu? Lójú tèmi, àga kan fún iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀, ọjà náà ò yá Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè pè é ní olè jíjà, torí pé ẹni tó ni nǹkan ló fọwọ́ sí i.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ. Kí ìjọba tó rí i so mọ́lẹ̀, olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó ti ra ọ̀kan, ìyẹn náà gba ibẹ̀ dé British Museum. Méjì mìíràn dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá wọn padà nígbà tó yá. Ṣé ẹni tó tà á ní ẹ̀tọ́ láti tà á? Títí di òní ni wọ́n ṣì ń fa ìyẹn.

Bìní ni kò ní àwáwí kankan. Ní 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kógun ja ìlú náà, iná sọ ní ààfin, wọ́n kó idẹ àti eyín erin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n lé ọba kúrò nílùú. Ìkógun ni.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí British Museum kò dá tirẹ̀ padà? Òfin kan tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe ní 1963 kò jẹ́ kí àwọn alákòóso ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n yáni. Ní 2024 wọ́n yá àwọn ará Asante ní Gánà ní àwọn ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tí wọ́n kó lọ́dọ̀ wọn láyé ọjọ́sí. Ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ ló wá ń yá ẹrù ara rẹ̀, ó tún ń fọwọ́ sí ìwé pé òun á dá a padà.

## Kí wá ni wọ́n ń jà lé lórí ní Bìní?

Jámánì kò ní irú òfin yẹn. Ní oṣù Kejìlá 2022, mínísítà wọn kó àwọn idẹ Bìní kan wá sí Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ní 2025, ìjọba Netherlands dá 119 padà. Bí ẹrù ṣe ń dé ni ìbéèrè ń dé: ta ni kí wọ́n gbé e fún?

Ìjọba àpapọ̀ ló bá wọn dúnàádúrà, torí pé orílẹ̀-èdè ló ń bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Ọba Bìní ní ààfin bàbá ńlá òun ni wọ́n ti kó o, òun ló ni í. Ìjọba ìpínlẹ̀ Edo ìgbà náà sì ń ṣe àtìlẹ́yìn fún mùsíọ̀mù tuntun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, èyí tó dá dúró, tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun. Ní oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Buhari fi ìwé àṣẹ ìjọba sọ pé Ọba Bìní ló ni ohun tí wọ́n bá dá padà. Ìbéèrè ẹni tó ni í parí síbẹ̀ lójú òfin. Ìbéèrè ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ kò parí.

Mùsíọ̀mù tuntun náà ní òun ò sọ pé idẹ Bìní jẹ́ tòun. Àwọn ará ààfin ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń fi orúkọ Bìní àti ìtàn Bìní gba owó káàkiri ayé? Wọ́n ní mùsíọ̀mù tó jẹ́ ti ọba ni àwọn fẹ́. Nígbà tí gómìnà mìíràn gorí oyè, ìjọba rẹ̀ gba ìwé ilẹ̀ náà padà. Ẹ rí i báyìí: ọba ló ni ohun náà, ọwọ́ àwọn kan ni ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti yàrá àyẹ̀wò wà, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá a ṣe.

## Ère ojú títì ńkọ́, ta ló lè wó o?

Èyí ló kàn wá jù, torí pé a lè má wọ mùsíọ̀mù láéláé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kì í gba ojú títì kọjá.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, kọ́ ibi ìrántí fún àwọn tó kú, nítòsí ààfin. Akérédolú kú ní ìparí 2023. Ní 2024, ìjọba tó tẹ̀lé tirẹ̀ wó ibi ìrántí náà, wọ́n ní ìlú ló bẹ̀ wọ́n. Ariwo ta. Àwọn kan ní wọ́n tún àwọn olóògbé pa nígbà kejì. Àwọn mìíràn ní ojú ààfin kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú sí.

Ẹ má jẹ́ ká gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Lójú òfin, ìjọba tó fi owó ìlú kọ́ ọ ló ni í, nítorí náà ìjọba lè wó o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ iwájú ààfin ní ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo tí wọ́n kàn fi ń gbàlejò. Ibẹ̀ ni ọdún ti ń kọjá, ibẹ̀ ni oyè ti ń jẹ, ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ibi tí ẹni tó ni ère àti ẹni tó ni ibi tó dúró sí kò bá ti fẹnu kò, kò sí iye símẹ́ńtì tó lè mú un dúró. Ibi tí mo ti bínú ni pé orúkọ èèyàn ló wà lára rẹ̀. Kí káńtapílà tó dé, ó yẹ kí gbogbo ayé ti mọ ibi tí orúkọ wọ̀nyẹn máa tún wà.

Ère tí kò bá ìlú jà pọ̀ ju èyí tó bá a jà lọ. Ọmọ Oǹdó ni Gani Fawehinmi, Oǹdó ni wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n Ọjọ́ta ní Èkó ni ère ńlá rẹ̀ wà. 2018 ni wọ́n fi èyí tó tóbi jù rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ère Mọ́remí tí Ọọ̀ni ṣí ní 2016 ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé gólù ni wọ́n fi ń ṣe irú wọn. Rárá o. Ọ̀pọ̀ ère ìkóríta ní Nàìjíríà, símẹ́ńtì tàbí fáíbà ni, ọ̀dà ló ń dán. Òjò ọdún díẹ̀ tó láti bó o, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá fi ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú kùn ún, ojú ọba á wá dà bí ojú ọmọláńgidi. Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, dúdú ló ń dú bó bá pẹ́. Ẹ lọ wo Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe sí iwájú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Marina, ní Èkó, láti 1964. Ó ṣì gbé oṣé rẹ̀ sókè, láìka gbogbo iná tí wọ́n ti mú lọ níwájú rẹ̀.

Bí ìjọba bá fẹ́ gbé ère kan kalẹ̀ ní ìkóríta yín, iye tí wọ́n fẹ́ ná kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ béèrè ẹni tó máa máa fọ̀ ọ́. Ẹ tún wá orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀: orúkọ gómìnà tó ṣí i máa ń hàn ketekete, ti agbẹ́gilére kì í sábà sí níbẹ̀.

## Bí mo bá ra àwòrán, kí ni mo rà?

Ẹ ra ohun tí ẹ gbé lọ sílé, ẹ ò ra ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ lè gbé e kọ́ sí pálọ̀, ẹ lè tún un tà, ẹ lè fi ta ọmọ yín lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sára ankárá àjọṣe ẹbí, tàbí sára kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ yín, láìgba àṣẹ, ayàwòrán lè pè yín lẹ́jọ́. Òfin Nàìjíríà fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì fún àwọn àjogún rẹ̀ ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Iye owó náà máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Enwonwu ya ọmọ ọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì, láyìíká 1973. Ọ̀kan nínú àwòrán náà pòórá fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rí i ní 2017. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní 2018, ó pa mílíọ̀nù 1.2 pọ́n-ùn. Enwonwu ti kú láti 1994. Ẹni tí àwòrán wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gba owó.

## Ohun àtijọ́ tó wà nílé bàbá wa ńkọ́?

Òfin àjọ mùsíọ̀mù ka ohun tí wọ́n bá ṣe nílẹ̀ yìí kí ọdún 1918 tó dé sí ohun àtijọ́: ère, òpó ilé, ilẹ̀kùn, ìlù, ọpọ́n, ọ̀pá, egúngún, ohun ìjà, títí kan ìwé. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1918 náà lè wọ inú rẹ̀, bí wọ́n bá ti fi ṣe orò tàbí ọdún ìbílẹ̀ rí, tó sì ní ìtàn tàbí ọnà nínú. Òfin kò ní kí ẹ má ní in. Kò ní kí ẹ gbé e fún ìjọba. Ohun tó ní ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ ara rẹ̀ di oníṣòwò ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan àwọn èèyàn lójijì ni pápákọ̀ òfuurufú. Àbúrò yín ti Lọ́ńdọ̀nù wálé fún òkú, ó ra ère ìbejì méjì lọ́wọ́ agbẹ́gi, ère tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, ó fi aṣọ wé e sínú àpótí. Kọ́sítọ́ọ̀mù tú àpótí. “Ìwé mùsíọ̀mù dà?” Ó ní àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní kó fi hàn bẹ́ẹ̀. Kò ní nǹkan kan tó lè fi hàn. Ìdí nìyí tí àjọ mùsíọ̀mù fi ń kọ ìwé fún ohun tuntun pẹ̀lú, pé àwọn ti wò ó, pé kì í ṣe ohun àtijọ́. Kí ẹ tó dé pápákọ̀ ni kí ẹ ti gbà á, ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ agbẹ́gi náà.

Ní ti èyí tó wà nílé, ẹ má fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ẹ má sì kùn ún ní vánìṣì. Ojú tó ti dú, epo tí wọ́n ti fi pa á láti ayé àwọn ìyá ìyá yín, ìyẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán, ẹ má jẹ́ kí oòrùn máa pa á lójúkan náà. Ẹ yà á ní fọ́tò níwájú, lẹ́yìn àti ní ìsàlẹ̀, ẹ fi tépù wọn gíga rẹ̀, ẹ wá ibi tó ti sán tàbí ibi tó ti ya, kí ẹ ya ìyẹn lọ́tọ̀. Kí ẹ jókòó ti àgbà tó kù nínú ẹbí, kí ó sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹbí tí kò gbé inú ilé náà, torí pé bí olè bá gbé ère lọ, fóònù tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mú.